Krọ́sóvà Tí Kò Ní Nọ́ńbà: Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Àtúnṣe Sípíkà Àtijọ́ ní Àjàṣẹ́

Sípíkà àtijọ́ tó ń dé Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, kì í bá ìwé wá. Inú kọ̀ntéénà ni púpọ̀ nínú wọn ti ń jáde ní èbúté Kútọnu, tòun ti fíríìjì àti mátírẹ́ẹ̀sì, ẹni tó bá rà wọ́n á sì gbé wọn wá tà ní ọjà Wàndó. Àmọ́ èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ mi jù ni èyí tí bàbá ẹnì kan gbé bọ̀ láti òkè òkun nígbà ayé rẹ̀, tí àwọn ọmọ ò gbà kó kúrò nínú ilé. Ẹni tó jogún sípíkà kì í fẹ́ gbọ́ pé kó lọ ra tuntun, mo sì wà lẹ́yìn wọn. Pákó tí wọ́n fi kan àwọn àpótí wọ̀nyẹn nípọn, wúfà wọn, ìyẹn ẹnu ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, sì lágbára ju ti ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà ní olówó pọ́ọ́kú lónìí lọ.

Ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n sábà máa ń mú wá: ó ń dún, àmọ́ ó ń dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Ẹ fi àpàlà sí i, ẹ óò gbọ́ ìlù, ẹ óò gbọ́ ohùn olórin, ṣùgbọ́n ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti pòórá. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn yọ twítà, ìyẹn ẹnu kékeré tó ń gbé ohùn òkè, wọ́n á fi òmíràn sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí nǹkan tó ṣe twítà. Krọ́sóvà ló ń ṣàìsàn.

Krọ́sóvà ni pátákó kékeré tó wà nínú àpótí, nítòsí ibi tí wáyà ń gbà wọlé. Òun ló ń pín orin: ohùn tó rinlẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wúfà, ohùn tó tínrín lọ sọ́dọ̀ twítà. Kọ́ìlì, ìyẹn wáyà bàbà tí wọ́n wé róbótó, ń jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ kọjá, ó ń dínà mọ́ ohùn òkè. Kápásítọ̀ ń ṣe òdìkejì. Rẹ́sísítọ̀ wà láti rẹ twítà sílẹ̀ kó má baà bo wúfà mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá ti mọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ṣùgbọ́n kọ́ìlì kì í sábà ní nọ́ńbà lára, ìwé ara kápásítọ̀ á ti ṣá, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó á sì ti bo ìdajì ohun tó kù. Kò sí ẹni tí a fẹ́ bi, nítorí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti lè kógbá wọlé tipẹ́.

Wíwọ̀n ló kù. Ohun tí iṣẹ́ yìí sì kọ́ mi jù ni pé mítà, ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n iná, kì í parọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a bá bi í nìkan ló ń dáhùn. Kápásítọ̀ kan lè gba nọ́ńbà tó dára lójú mítà kó sì ti kú. Èmi ò fi ọkàn tán nọ́ńbà kankan àfi tí mo bá gba ọ̀nà méjì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí ọ̀nà méjèèjì sì bára mu.

Ẹ jẹ́ kí n fi sípíkà Àlájà kan ní Àtàké ṣàlàyé. Ilé Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n kọ 4 Ω (ohm, ìwọ̀n ìdènà iná) sí i lẹ́yìn, ó ní ihò ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n ń lò nígbà yẹn, èyí tí ẹsẹ̀ kan rẹ̀ pẹlẹbẹ tí èkejì sì rí roboto. Ọ̀tún ń kọrin dáadáa. Òsì ni ohùn òkè rẹ̀ ti lọ. Àlájà ò fẹ́ àsọdùn rárá. Ó ní, “Ọmọ mi, má bá mi sọ ọ́ di nǹkan mìíràn o. Bó ṣe ń dún nígbà tí bàbá wà ni mo fẹ́.” Mo ní, “Ó ti yé mi, Àlájà. Ẹ fọkàn balẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló pinnu bí mo ṣe máa ṣiṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ kó dún bíi ti tẹ́lẹ̀, a gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Kí n tó fi sódà kan ohunkóhun, mo ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn pátákó méjèèjì, mo ya àwòrán bí wáyà ṣe lọ sínú ìwé, mo sì kọ àwọ̀ wáyà kọ̀ọ̀kan àti ibi tó dé. Èyí ṣe pàtàkì ju bí àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣe rò lọ. Nínú sípíkà méjèèjì, wáyà pupa ló lọ sí ẹnu tí wọ́n kọ ìyọkúrò (−) sí lára twítà. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé wọ́n ṣì í dè. Wọn ò ṣì í dè. Nínú krọ́sóvà tó ní kápásítọ̀ kan àti kọ́ìlì kan fún twítà, tí ti wúfà náà sì rí bẹ́ẹ̀, ohùn méjèèjì máa ń kọ ẹ̀yìn síra wọn níbi tí wọ́n ti ń pàdé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yí wáyà twítà padà. Tí ẹ bá “tún un ṣe”, ẹ ti dá ihò sí àárín orin nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo tú wúfà àti twítà kúrò, mo sì gbé ẹsẹ̀ kan nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ wọ̀n kúrò lórí pátákó. Ẹsẹ̀ kan tó, ṣùgbọ́n ó di dandan. Mo ti rí ẹni tó fi mítà kan ẹnu twítà nígbà tó ṣì wà lójú wáyà, tó rí 0.4 Ω, tó sì sọ pé twítà ti jóná. Kọ́ìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń dá a lóhùn. Nígbà tí a tú twítà náà sílẹ̀, ara rẹ̀ le koko. Ẹ rántí pẹ̀lú pé twítà tí wọ́n pè ní 4 Ω kì í ka 4 lójú mítà. Nǹkan bíi 3 àti díẹ̀ ló sábà máa ń kà, nítorí ìdènà wáyà nìkan ni mítà ń wọ̀n níbẹ̀.

Rẹ́sísítọ̀ ò gba àkókò. Èyí tó funfun bíi sìmẹ́ńtì sábà máa ń ní nọ́ńbà tó ṣì ṣeé kà: 4R7 jẹ́ 4.7 Ω, lẹ́tà J tó tẹ̀ lé e túmọ̀ sí pé ó lè fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀, K jẹ́ 10. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu wáyà mítà méjèèjì kan ara wọn, ẹ wo iye tó kà, ẹ yọ ọ́ kúrò. Tí wáyà mítà yín bá ní 0.3 Ω, kò kéré lójú rẹ́sísítọ̀ 2 Ω.

Ibi tí rẹ́sísítọ̀ ti máa ń fúnni níṣẹ́ ni sípíkà ilé ìjọsìn. Àjàṣẹ́ yìí ni Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí a ń pè ní Sẹ́lẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947. Àtàwọn Sẹ́lẹ́ o, àtàwọn mọ́sálásí o, sípíkà wọn kì í kú ikú ogbó. Iná ámpílífáyà ló ń pa á. Rẹ́sísítọ̀ á dúdú, nọ́ńbà á jó dànù, mítà ò ní ka ohunkóhun nítorí wáyà inú rẹ̀ ti já. Tó bá jẹ́ oníwáyà, mo máa ń fọ́ sìmẹ́ńtì náà díẹ̀díẹ̀ títí màá fi rí ibi tó ti já, màá wọ̀n láti ẹsẹ̀ kan dé ibẹ̀, màá wọ̀n láti ẹsẹ̀ kejì dé ibẹ̀, màá ro méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà ni màá wo ti àpótí kejì bóyá ó bára mu. Ti Àlájà ò tilẹ̀ ní rẹ́sísítọ̀ kankan.

Kápásítọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ti inú krọ́sóvà àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ èyí tó ní omi kẹ́míkà nínú, tí kò ní ẹ̀gbẹ́ ìròpọ̀ (+) tàbí ìyọkúrò (−), wọ́n á kọ NP tàbí BP sí i. Omi yẹn ń gbẹ. Bó ṣe ń gbẹ, iye rẹ̀ lè yí padà, ṣùgbọ́n ohun tó burú jù ni pé ìdènà kan á hù nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ESR. Ó á dà bíi pé ẹnì kan fi rẹ́sísítọ̀ pamọ́ sínú kápásítọ̀, tí kò sì sọ fún wa.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí mo fi wọ̀n wọ́n rọrùn. Trànsífọ́mà tó ń sọ iná ilé di 12 V, tí iná rẹ̀ ṣì jẹ́ AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀), kì í ṣe ṣájà tó ń gbé DC (iná tó ń lọ síbì kan ṣoṣo) jáde. Rẹ́sísítọ̀ 330 Ω tí mo ti wọ̀n tẹ́lẹ̀, tó lè gba 1 W. Mo so rẹ́sísítọ̀ náà àti kápásítọ̀ mọ́ra ní ìlà kan, mo tan iná, mo ka foltéèjì tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iná tiwa ní Benin jẹ́ 50 Hz (ó ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) bíi ti Nàìjíríà, ibẹ̀ sì ni mítà olówó pọ́ọ́kú ti ń sọ òtítọ́ jù. Kápásítọ̀ tó bá ní ẹ̀gbẹ́ ìròpọ̀ àti ìyọkúrò ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ o, ó lè bú. Lórí ti ọ̀tún, mo rí 8.1 V lórí rẹ́sísítọ̀, 9.6 V lórí kápásítọ̀. 330 lọ́nà 9.6, kí á pín in sí 8.1, ó jẹ́ 391 Ω. Ní 50 Hz, tí ẹ bá fi iye ìdènà yẹn pín 3183, µF, ìyẹn ìwọ̀n kápásítọ̀, ló máa jáde: 8.1. Ti òsì fún mi ní 8.0.

Kí ó má baà jẹ́ pé irinṣẹ́ mi ló ń tàn mí, mo fi kápásítọ̀ fáànù àjà tuntun kan tí wọ́n kọ 2.5 µF sí lára dán an wò, ó sì bọ́ sí ibi tó yẹ.

Ọ̀tún 8.1, òsì 8.0. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á sọ pé kápásítọ̀ méjèèjì dára, á sì tún padà sọ́dọ̀ twítà tí kò ṣe nǹkankan. Ṣùgbọ́n 50 Hz kọ́ ni twítà ń gbé. Ní 50 Hz, 8 µF fúnra rẹ̀ ń dènà tó nǹkan bíi 400 Ω, nítorí náà tí 10 Ω tàbí 15 bá fara pamọ́ sínú rẹ̀, ta ló máa rí i? A gbọ́dọ̀ bi í léèrè níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Mo wá gbé ámpílífáyà jáde. Fóònù mi ní app tó ń mú ohùn kan ṣoṣo jáde ní iye Hz tí mo bá fẹ́. Mo so fóònù mọ́ ámpílífáyà, mo so ámpílífáyà mọ́ rẹ́sísítọ̀ 10 Ω tó lè gba 10 W, kápásítọ̀ tẹ̀ lé e. Mo gbé ohùn sí 2000 Hz, mo yí fólúùmù títí gbogbo rẹ̀ fi ka 3.00 V. Lórí ti ọ̀tún, mo rí 2.09 V lórí rẹ́sísítọ̀, 2.08 V lórí kápásítọ̀.

Ọmọ iṣẹ́ mi wò ó, ó ní, “Ọ̀gá, 2.09 àti 2.08 ju 4 lọ. Báwo ni gbogbo rẹ̀ ṣe wá jẹ́ 3?”

Ìbéèrè tó dára ni. Foltéèjì méjèèjì kì í dé òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ti rẹ́sísítọ̀ bá wà ní góńgó, ti kápásítọ̀ ń kọjá ní òdo. Nítorí náà a ò lè rò wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, 4.37 àti 4.33, ẹ rò ó pọ̀, 8.70. Ẹ fi 3 náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, 9. Tí kápásítọ̀ bá mọ́ pátápátá, nọ́ńbà méjèèjì yẹ kó dọ́gba. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn ni ìdènà tó fara pamọ́. Ẹ fi ìlọ́po méjì 2.09 pín ìyàtọ̀ náà, ẹ óò rí foltéèjì rẹ̀. Ẹ fi iná tó ń kọjá, ìyẹn 2.09 tí a fi 10 pín, pín ìyẹn. Ó fún mi ní bíi 0.35 Ω. Kápásítọ̀ arúgbó, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le.

Mo gbé ti òsì síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ 3.00 V. Rẹ́sísítọ̀ 1.24, kápásítọ̀ 1.94. Ẹ bá mi ṣe é: 1.54 àti 3.76 jẹ́ 5.30. Ó ku 3.70 kó tó pé 9. Ẹ fi 2.48 pín in, 1.49 V. Ẹ fi 0.124 pín ìyẹn: 12 Ω.

Ìdènà 12 Ω níwájú twítà 4 Ω. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin foltéèjì tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ twítà ló ń ṣòfò sínú kápásítọ̀ tí mítà ní kò ṣe nǹkankan. Ọmọ iṣẹ́ mi ò sọ̀rọ̀, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó tún gbogbo ìṣirò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn sí i gan-an.

Ohun kan wà nínú ọ̀nà yìí tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ọ̀pọ̀ mítà olówó pọ́ọ́kú ni kì í ka AC dáadáa tó bá ti kọjá nǹkan bíi 400 Hz, nọ́ńbà tó ń fi hàn á kéré sí òtítọ́. 3.00 V tí mo rí ní 2000 Hz yẹn lè má jẹ́ 3.00 ní ti gidi. Ṣùgbọ́n ohùn kan náà ni a fi wọ̀n foltéèjì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà bí mítà ṣe dín ọ̀kan kù ló ṣe dín àwọn yòókù kù. Ìfiwéra wọn ò yẹ̀. Ẹ kàn ṣọ́ra kí mítà tó máa ń fúnra rẹ̀ yí àyè ìwọ̀n padà má yí i láàrin iṣẹ́, nítorí àyè kan lè máa ṣe àṣìṣe tí èkejì kì í ṣe. Ẹni tí kò lówó mítà ńlá lè fi èyí ṣiṣẹ́ tó péye ní Àjàṣẹ́ tàbí níbikíbi.

Kọ́ìlì, rẹ́sísítọ̀ 10 Ω kan náà la fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ máa yí Hz títí foltéèjì orí kọ́ìlì àti ti orí rẹ́sísítọ̀ yóò fi dọ́gba. Kọ́ìlì twítà Àlájà dọ́gba ní 4550 Hz. Ẹ sọ 4550 di púpọ̀ pẹ̀lú 6.28, ẹ fi pín 10, ó jẹ́ 0.00035 H, ìyẹn 0.35 mH, ìwọ̀n tí a ń lò fún kọ́ìlì. Ìdènà wáyà bàbà rẹ̀ ò tó ìdajì Ω, kò sì ba ìṣirò náà jẹ́. Ẹ má gbé kọ́ìlì lé tábìlì onírin nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n o, irin á yí iye rẹ̀ padà. Orí pákó ni kó wà, kó jìnnà sí mágínẹ́ẹ̀tì wúfà. Kọ́ìlì wúfà tó ní irin láàrin tún ní ìwà tirẹ̀: tí ẹ bá yí fólúùmù padà, iye rẹ̀ á yí díẹ̀. Mo kàn ń wo bóyá ọ̀tún àti òsì jọra lórí fólúùmù kan náà, mo sì fi wọ́n sílẹ̀. Kọ́ìlì kì í gbẹ bíi kápásítọ̀. Tí kò bá jóná, tí ibi tí wọ́n ti sódà á ò bá já, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ó wá ku pé kí nọ́ńbà méjèèjì bá iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe mu. 8 µF àti 0.35 mH máa ń pàdé ní nǹkan bíi 3000 Hz, tí ẹ bá fi ìlànà ìṣirò tí gbogbo àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ ṣe é. Fún twítà 4 Ω, ibi tó bọ́gbọ́n mu ni. Ká ní 800 Hz ni mo rí, tàbí 12,000, ǹ bá ti mọ̀ pé mo ti wọ̀n nǹkan kan lódì, tàbí pé ẹnì kan ti pààrọ̀ nǹkan níbẹ̀ kí n tó dé.

Kápásítọ̀ 8 µF tí kò ní ẹ̀gbẹ́ ṣòro láti rí nínú ọjà wa. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń tún fáànù ṣe ní Wàndó ló ní kápásítọ̀ fáànù àjà, fíìmù ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn, wọn kì í gbẹ, wọ́n lè gba 450 V, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni wọ́n fi ń yẹ̀. Ẹ so 4 µF méjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó di 8. Ẹ má ṣe ṣi kápásítọ̀ tí wọ́n fi ń mú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbé o, ìyẹn ní omi kẹ́míkà, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Mo wọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo rà, mo sì pín wọn kí àpapọ̀ ọ̀tún àti ti òsì lè sún mọ́ra.

Mo pààrọ̀ ti ọ̀tún pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ ṣì le. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe àwọn méjèèjì, ohun tó ṣe òsì ń bọ̀ wá bá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n fíìmù ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìdènà kankan nínú, ohùn òkè lè wá mú ju bí Àlájà ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ibẹ̀ ni 0.35 Ω tí mo rí lára kápásítọ̀ ọ̀tún ti wúlò: òun nìkan ló kù tó lè jẹ́rìí bí sípíkà náà ṣe rí tẹ́lẹ̀. Mo fi rẹ́sísítọ̀ 0.33 Ω síwájú kápásítọ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan á ní kò pọn dandan. Fún ẹni tó ní kó dún bíi ti ìgbà bàbá, èmi gbà pé ó pọn dandan.

Kí n tó dé àwọn àpótí náà pa, mo fi bírò dúdú kọ ọ́ sí ara pákó nínú: iye kápásítọ̀, iye kọ́ìlì, Hz tí mo fi wọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan, rẹ́sísítọ̀ tí mo fi kún un, wáyà twítà tó yí padà, àti ọdún. Mo sì fi kápásítọ̀ ọ̀tún àtijọ́ sínú ọ̀rá kékeré, mo so ó mọ́ ẹ̀yìn pátákó, kí ẹni tó bá tún ṣí i lè wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀.